Bàtà Ló Kù Lẹ́yìn Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Obìnrin tó jókòó níwájú mi tó ro ọ̀rọ̀ yìí fún mi kò sunkún. Ó ní òun ti sun ún tán. Ohun tó bẹ̀ mí ni pé kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi àtíkè kùn ún lójú, kí n má sì pe òun ní ẹni rere níbi kankan. Mo ṣèlérí fún un. Kò sì ní í nira fún mi láti mú un ṣẹ, torí nígbà tí mo gbọ́ ọ tán, inú bí mi débi tí mo fi gbàgbé láti fún un lómi mu.

Iṣẹ́ irun ló ń ṣe. Onídìrí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ yàrá tóóró kan, dígí mẹ́ta lára ògiri, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ tó máa ń kùn bí oyin, àti bẹ́ǹṣì gígùn tí àwọn oníbàárà ti ń dúró kó tó kàn wọ́n. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni òṣèlú ẹkùn ìdìbò wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìbò tí wọ́n dì rí níbẹ̀ tí àwọn obìnrin ò kọ́kọ́ dì lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn àga náà ní kúkúrú, torí àga ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti fún ẹkùn ìdìbò náà ní àga tirẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, èèyàn mẹ́ta péré ló ti jókòó lórí rẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo sáà rẹ̀ ló fi sùn. Bí wọ́n bá fi ilé aṣòfin hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, orí tó bá tẹ̀ sílẹ̀ ni àwọn ará ẹkùn máa ń nàka sí pé, "Tiwa nìyẹn." Èkejì jẹ́ lọ́yà. Ó wọlé, wọ́n pè é lẹ́jọ́, kóòtù yọ ọ́, kóòtù mìíràn dá a padà. Nígbà tí ẹjọ́ fi máa parí, sáà ti parí. Ẹ̀kẹta ni agbaṣẹ́ṣe kan tó ń la ọ̀nà mọ́tò. Ọ̀nà tó bá là kì í pẹ́ bàjẹ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Ọnárébù, débi pé àwọn ọmọdé rò pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló lẹ́nu níbẹ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ náà bá fà kalẹ̀ ti wọlé tán. Ìbò gbogbogbò tó bá tẹ̀ lé e kò ju àmín lọ lẹ́yìn àdúrà. Nítorí náà, ìbò abẹ́lé ni ìbò. Wọn kì í sì í fi ìwé dì í, títò ni wọ́n máa ń tò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á pé jọ sí pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùdíje á kọjú sí ògiri yàrá ìkàwé, wọ́n á kẹ̀yìn sí èrò. Olùdíje kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn, kó má baà fojú dẹ́rù ba ẹni tí kò tò sẹ́yìn rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ á fọn fèrè àkọ́kọ́, olúkúlùkù á sì lọ tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú. Kí fèrè kejì tó dún, èèyàn ṣì lè yí ọkàn padà kó kúrò lórí ìlà kan lọ sí òmíràn. Àmọ́ bí fèrè kejì bá ti dún pẹ́nrẹ́n, ẹsẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ mọ́, kíkà ló kù.

Ẹ ti rí i pé ibi tí ìkà ti lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni àárín fèrè méjì yẹn.

Ọdún mẹ́jọ ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, nígbà tí Ọnárébù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àga náà, ọkọ Onídìrí ló bá a dù ú. Olùkọ́ ìṣirò ni ọkọ náà, Tíṣà lásán ni wọ́n ń pè é. Onídìrí ló ní kó jáde. Ó ní ẹni tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa fi ṣọ́ọ̀kì kun ọwọ́ títí ayé. Kí ìbò tó dé, àwọn oníbàárà ti ń pè é ní Ìyàwó Ọnárébù, ó sì ti ń jẹ́ ẹ. Ó tilẹ̀ ti mọ bí yóò ṣe máa juwọ́ sí èrò látinú mọ́tò. Iwájú dígí ṣọ́ọ̀bù ló ti kọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Nọ́ọ̀sì, ló kó gbogbo àwọn ìyá ọlọ́mọ wá sẹ́yìn Tíṣà lọ́jọ́ náà. Iléewòsàn kékeré tó wà ládùúgbò ni Nọ́ọ̀sì ti ń gbẹ̀bí. Kò sí ilé tí kò ti gba ọmọ. Ìlà Tíṣà gùn, ó gùn, Onídìrí ti fẹ́ bú sórin. Ó ku díẹ̀ kí fèrè kejì dún, Nọ́ọ̀sì yẹsẹ̀. Gbogbo ìyá ọlọ́mọ tẹ̀ lé e, wọ́n sọdá sẹ́yìn Ọnárébù. Fèrè dún. Ọ̀rọ̀ parí.

Nígbà tí wọ́n ní kí Tíṣà yíjú padà, ó wo ìwọ̀nba èèyàn tó kù lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Onídìrí rí i. Ó ní ẹ̀mí ọkọ òun ló jáde lọ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, Nọ́ọ̀sì wá sílé.

"Ọ̀rẹ́ mi, má fi sínú o."

"Kí n fi kí ni sínú? Ṣebí òṣèlú ni," Onídìrí dá a lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín, ó gbé àga fún un.

Ẹ̀rín náà ò dénú. Ó fẹ̀jẹ̀ sínú, ó tutọ́ funfun. Nígbà tí wọ́n sì fi páànù tuntun bo iléewòsàn lọ́dún yẹn, Onídìrí ní ẹ̀rí dé. Ọnárébù ti san án padà fún un. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ó gbà á gbọ́, kò sì tún bi ẹnikẹ́ni.

Tíṣà padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó ń jẹun dáadáa, kódà ó sanra díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní ìbànújẹ́ ló wú u. Mo ní, ìbànújẹ́ wo ló ń mú èèyàn sanra? Onídìrí ní òun ò ro ibẹ̀ yẹn. Inú rẹ̀ ti le débi pé bí ọkọ rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín, ojú ẹni tí ayé ti ṣe ló fi ń wò ó.

Báyìí ni sáà méjì kọjá. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu. Nọ́ọ̀sì ń di irun lọ́dọ̀ rẹ̀, Onídìrí ń gba oògùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé: Onídìrí máa ń pa òwe yìí fún ara rẹ̀ nígbàkigbà tí Nọ́ọ̀sì bá ti jáde lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ̀ pé òun gan-an ni òwe náà ń bá wí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ti bọ́ fìlà iṣẹ́, ó jókòó síwájú dígí.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ du àga yẹn."

Òòyà dúró lọ́wọ́ Onídìrí. "Àga wo?"

"Tọnárébù. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń wá ẹ̀kẹta. Yàrá ìgbẹ̀bí tó ní òun máa kọ́ fún wa, ìpìlẹ̀ ló ṣì wà, koríko ti bò ó. Orí ilẹ̀ ni mo ti gbẹ̀bí aláboyún kan lóṣù tó kọjá, torí kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti sú mi kí n máa bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín owó."

"Ta ló máa tò sẹ́yìn ẹ?"

"Ìwọ," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Onídìrí ní bí òun ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ṣe ni inú òun dùn bíi ti ọdẹ tó gbọ́ pé pàkúté ti mú ẹran. Ó gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ra látẹ̀yìn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lórí, àwọn méjèèjì sì ń wo ara wọn nínú dígí.

"Tèmi tìẹ ni," ó wí. "Wò mí bí mo ṣe máa ṣe é."

Òótọ́ ló sọ, ẹ̀yin èèyàn mi.

Nígbà tó délé, Tíṣà ń máàkì ìwé lórí tábìlì. Ó sọ fún un. Bírò bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Ó dáa gan-an! Jọ̀ọ́, tì í lẹ́yìn. Oore tí obìnrin yẹn ṣe wá pọ̀."

"Oore! Oore wo, Tíṣà?"

"Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá ẹ sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ ìbò yẹn…"

"Ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara. Ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá. Ẹ máa máàkì ìwé yín."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bírò rẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń máàkì lọ. Onídìrí ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Sùúrù, olówó orí mi. Mo máa gbà á padà fún yín."

Kò sí ẹni tó polongo fún Nọ́ọ̀sì tó Onídìrí. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n jọ ń lọ. Onídìrí ló ń kan ilẹ̀kùn, òun ló ń kọrin, òun ló ń sọ pé, "Obìnrin tó gbẹ̀bí yín, ẹ ò ní í jẹ́ kó gba ẹkùn yìí náà sílẹ̀?" Ó sọ ọ́ débi tí omi fi ń jáde lójú òun fúnra rẹ̀. Bí ọ̀sán bá sì ti pọ́n, tí Nọ́ọ̀sì ti padà síbi iṣẹ́, yóò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, yóò kó àwọn obìnrin tó gbọ́kàn lé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò sì máa kọ́ wọn ní òdìkejì.

"Ẹ máa tò sẹ́yìn ẹ̀ wẹ́rẹ́ bíi ti olólùfẹ́. Mo máa wà níwájú. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tí mo tú ìborùn mi, ẹ kúrò níbẹ̀, ó di ẹ̀yìn Ọnárébù. Òkúta wẹ́wẹ́ wà nílẹ̀ níwájú yàrá ìkàwé, ó máa ń pariwo. Ẹ bọ́ bàtà, kẹ́ ẹ mú un dání. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Mo fẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín sí ògiri."

Àwọn kan bẹ̀rù rẹ̀, àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kàn fẹ́ wòran ni. Alágbàfọ̀, obìnrin àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ṣáà dá a dúró.

"Onídìrí, ṣé o tiẹ̀ ti bi í rí, ìdí tó fi ṣe yẹn fún ọkọ ẹ?"

"Bi í kẹ̀? Ẹni tí ejò bù jẹ, ṣé ó máa ń dúró bi ejò léèrè ọ̀rọ̀ ni, Mọ̀ọ́mì?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ò rín. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí wa, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ àgbà nígbà tí inú ń bí i?

Ẹ má rò pé ó fẹ́ràn Ọnárébù. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní bí Ọnárébù bá ń jóná, kẹrosíìnì lòun máa lọ wá. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé ohun tí wọ́n fi lu ọkọ òun lòun máa fi lu ẹni tó lù ú, bí pàṣán náà bá tilẹ̀ dọ̀tí.

Ó kù díẹ̀ kó má ṣe é mọ́. Nígbà tí ìbò ku ọ̀la, Nọ́ọ̀sì wá dirun. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó pajú dé, orí rẹ̀ sì fara ti ikùn Onídìrí.

"Mo fẹ́ bẹ ẹ̀bẹ̀ kan," Nọ́ọ̀sì wí láìlajú. "Ìwọ ni kó o dúró tẹ̀ lé mi gan-an lọ́la. Mi ò ní í lè wẹ̀yìn. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Tí mo bá ṣáà ti mọ̀ pé ìwọ ló wà lẹ́yìn mi, ọkàn mi á balẹ̀."

Onídìrí fi òòyà pín irun náà sí méjì. Ó ní ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀fun òun: "Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tó o ṣe yẹn?" Ìbéèrè yẹn nìkan. Ká ní ó bi í ni, ìtàn yìí ì bá má dé ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ lanu ni mímí tí Tíṣà mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ sí wá sí i lọ́kàn, oró náà sì ru padà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Èmi ni màá tẹ̀ lé ẹ," ó wí.

Ó di irun náà dáadáa. Ó ní kò sí irun tóun tíì dì tó lẹ́wà tó èyí.

Ọjọ́ ìbò pé. Oòrùn mú, pápá kún. Ọnárébù wọ funfun, ó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò balẹ̀, torí ó ti gbọ́ pé àwọn obìnrin ń bẹ lẹ́yìn Nọ́ọ̀sì. Onídìrí ò sọ nǹkan kan fún un. Kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín adùn náà.

Àwọn olùdíje méjèèjì kọjú sí ògiri. Fèrè àkọ́kọ́ dún.

Àwọn obìnrin tò sẹ́yìn Nọ́ọ̀sì, ìlà náà gùn kọjá géètì. Àwọn ọkùnrin náà bọ́ sí i, Tíṣà sì wà láàárín wọn lápá ìparí, nínú ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìlà Ọnárébù kúrú. Ẹnìkan ti ń lu àtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, ó wá ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i, ó fún un mọ́ra.

Onídìrí fún ọwọ́ náà padà. Ó rọra tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tú ìborùn rẹ̀.

Wọ́n ṣe é bó ṣe kọ́ wọn. Wọ́n bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n Alága ti gbé fèrè sẹ́nu, ìkánjú sì dé. Kò sẹ́ni tó rántí mú bàtà dání. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi sáré lórí òkúta wẹ́wẹ́, bí ológìnní, wọ́n sọdá. Ariwo kò sọ.

Tíṣà nìkan ló pariwo. "Onídìrí! Padà! Padà síbẹ̀!"

Fèrè kejì dún.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ igbe náà lókèèrè, àmọ́ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó rò pé ayọ̀ ni. Kò wẹ̀yìn. Wọ́n ka ti Ọnárébù, kíkà náà pẹ́. Wọ́n dé orí ìlà Nọ́ọ̀sì, kò pẹ́ tó fi tán. Èjìká Nọ́ọ̀sì lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó ní kó yíjú.

"Ẹ yíjú padà," ni Alága wí.

Ó yíjú. Sílípáàsì ló kọ́kọ́ rí. Bàtà lórí ìlà, pupa, dúdú, èyí tí okùn rẹ̀ ti já, méjì méjì látẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ẹnu géètì, bí ẹni pé àwọn tó wọ̀ wọ́n ti yọ́ sínú afẹ́fẹ́. Lọ́nà jíjìn, àwọn ọkùnrin díẹ̀, Alágbàfọ̀, àti Tíṣà.

Ẹnìkan láàárín àwọn ọmọlẹ́yìn Ọnárébù kígbe pé, "Alága, ṣé ẹ ò ní í ka bàtà mọ́ ọn ni?" Gbogbo pápá dà wó fún ẹ̀rín.

Ìgbà yẹn ni Onídìrí jáde sójú agbo. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, ó ti há a sórí tipẹ́. Ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Nọ́ọ̀sì! Ṣé ó dùn? Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dun ọkọ mi! Bó o ṣe dà á síta lójú gbogbo ayé, èmi náà ti dà ẹ́ síta. Lọ sọ fún Ọnárébù kó tún fi páànù bò ẹ́!"

Tíṣà ló ń bọ̀. Ó ń gba àárín bàtà kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá wọn dànù lọ́tùn-ún lósì.

"Kí ló ṣe fún mi?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ̀san yín ni mo gbà."

"Mo ní, kí ni Nọ́ọ̀sì ṣe fún mi?"

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ó kó àwọn èèyàn ẹ̀ kúrò lẹ́yìn yín!"

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó kó wọn kúrò!"

Ẹ̀rín dákẹ́ lórí pápá. Tíṣà tí kì í gbóhùn sókè nínú kíláàsì ń kígbe débi tí iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ.

"Mo lọ bá a níléewòsàn, níbi tó ti ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ẹ̀jẹ̀ náà ti lọ sókè nítorí àga yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ní kó bá mi ṣe é kí n lè fìdí rẹmi. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní, 'Ọ̀rẹ́ mi ò ní í dárí jì mí láéláé.' Mo ní kó ṣe é nítorí ẹ̀mí mi. Mi ò fẹ́ àga. Mi ò fẹ́ ẹ rí. Ìwọ lo fẹ́ ẹ!"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́! Ìgbà mélòó ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? O ní kí n máa máàkì ìwé mi."

Onídìrí ní òun ṣì ń gbọ́ bí gbogbo pápá ṣe fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bojú wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ti yí padà, ó ń lọ. Nígbà tó kọjá lára ìlà náà, ó yẹra, kò tẹ bàtà kankan.

Onídìrí fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, àmọ́ ẹnìkan ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọnárébù ni. Ó ti rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ Onídìrí sókè bíi ti ẹni tó ja àjàborí.

"Ìyá ìjọba mi rèé o! Ẹ bá mi kí i!"

Onídìrí lanu, ó fẹ́ ké pé kó fòun sílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ya fọ́tò.

Fọ́tò náà ni wọ́n lẹ̀ káàkiri nígbà ìbò gbogbogbò: Ọnárébù nínú aṣọ funfun, ọwọ́ Onídìrí nínú tirẹ̀, ẹnu Onídìrí là sílẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ á rò pé ó ń yọ̀ ni. Wọ́n lẹ ọ̀kan sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fà á ya, wọ́n tún lẹ òmíràn. Ọnárébù wọlé lẹ́ẹ̀kẹta láìlàágùn. Ní gbogbo ìtàn àga yẹn, ẹnikẹ́ni ò ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí. Onídìrí ló bá a ṣe é, Ọnárébù sì ń dúpẹ́. Bó bá ń kọjá, yóò ní kí dírẹ́bà dúró, yóò sọ fèrèsé mọ́tò sílẹ̀, yóò sì juwọ́ sí i. "Ìyá ìjọba!"

Àwọn aláboyún tó ń lọ síléewòsàn máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Wọn kì í bú u. Wọ́n kàn máa ń ní, "Ẹ bá wa kí Ọnárébù yín o. Ẹ ní ilẹ̀ iléewòsàn tutù." Ó wù ú kí wọ́n bú òun.

Bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù dá páropáro. Àwọn tó sọdá pẹ̀lú rẹ̀ ni kò kọ́kọ́ wá mọ́, torí ojú ń tì wọ́n. Tíṣà kò lé e jáde, òun náà ò sì kó kúrò nílé. Ó ń kí i láàárọ̀, ó ń dúpẹ́ oúnjẹ, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ ṣe ń bá òbí akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ bi mí bóyá mo ṣàánú rẹ̀. Díẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú òkò dání fún ọdún mẹ́jọ, tó ń pọ́n ọn, òun nìkan kọ́ ló yẹ ká káàánú.

Ó pẹ́ kó tó lè lọ sílé Nọ́ọ̀sì. Nígbà tó lọ, ọ̀sán ni, Nọ́ọ̀sì ń lọ aṣọ iṣẹ́. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó nàka sí àga fún un, kò gbé e.

"Mo wá tọrọ àforíjì," Onídìrí wí, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde. Mo ti gbọ́."

"Bú mi. Lù mí. Ṣe nǹkan kan."

"Kí n ṣe kí ni? Ìwọ lo fẹ́ràn ẹ̀san, kì í ṣe èmi." Nọ́ọ̀sì yí aṣọ padà, ó ń lọ ọrùn rẹ̀. "Pé o kúrò lẹ́yìn mi, èmi náà ti kúrò lẹ́yìn ọkọ ẹ rí, mo mọ bó ṣe rí. Nǹkan kan ló ń dùn mí. Gbogbo ọdún yẹn, abọ́ kan náà la jọ ń jẹ, o ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, 'Nọ́ọ̀sì, kí ló dé?'"

Ìtìjú mú Onídìrí, ìtìjú sì máa ń di ìbínú lára rẹ̀ kíákíá. "Ìwọ náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni. O mọ̀, o sì dákẹ́! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Nọ́ọ̀sì gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti wọlé.

"Torí pé tí mo bá sọ ọ́, ọkọ ẹ lò bá gbẹ̀san lára ẹ̀. Èmi nílé tèmi tí mo lè sá sí. Inú ilé ẹ ni Tíṣà ń gbé. Ibo ni kó sá sí?"

Nọ́ọ̀sì gbé áyọ́ọ̀nù padà sórí aṣọ.